Ẹni Tí A Kò Sìn Sọ́nà

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ, n kò ní fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe, etí mi ló gbọ́. Èjìká mi ọ̀tún sì wà níbí fún ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa. Kó wá wò ó. Kó wo ojú ẹ̀ṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kó sì sọ fún mi ọwọ́ ta ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Alágbàfọ̀ ni mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fọṣọ, tí mò ń lọ̀ ọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá lọ kọ́ kàráàtè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú u. Ó ní obìnrin tó ti fọṣọ láti òwúrọ̀, kí ló tún ń wá nídìí ìjà? Mo ní ẹni tó ń lu aṣọ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ti kọ́ ìdajì ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi ló mú mi débẹ̀. Àwa méjì péré ni Màámi bí. Tẹ́ẹ́rẹ́ là ń pè é, torí tó bá dúró ti ìgbálẹ̀, ẹ ó béèrè èwo ni ìgbálẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ilẹ̀kùn pa á lọ́wọ́ ọ̀tún. Oríkèé ìka àárín rì wọlé, kò sì padà wá síta mọ́. Tó bá di ẹ̀ṣẹ́, kòtò ló wà níbi tó yẹ kí oríkèé wà. Ó máa ń gbé e sókè fún àwọn ọmọbìnrin, á ní, "Ẹ̀ṣẹ́ tèmi ló rẹwà jù, ó ní kòtò ẹ̀rín." Aláwàdà ni. Kò sí ọjọ́ tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ tó tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Òkè ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan la ti ń kọ́ ọ. Àtẹ̀gùn onípákó lèèyàn máa gùn dókè, òórùn gọ́ọ̀mù àti fánìṣì á sì tẹ̀ lé e wọlé. Pákó ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà. Ọ̀kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó máa ń ké tí ẹsẹ̀ bá yí lórí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ igbe yẹn.

Ọ̀gá wa ń tún fíríìjì ṣe lọ́sàn-án. Èèyàn kúkúrú ni, kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé a máa ń dá èémí dúró ká tó gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń pè ní káta fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìjà ni, àmọ́ ìwọ nìkan lo máa jà á. Ó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí wàá yí sí, ibi tí wàá ti dí, ibi tí wàá ti gbá, ibi tí wàá ti kígbe. O ò gbọdọ̀ yọ ẹyọ kan kúrò. Tó o bá ń wá bẹ́líìtì tó ga ju ti ìdí rẹ lọ, káta ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ní gbọ̀ngàn míì, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbá. Ọ̀gá tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Á dá ọ dúró. "Ta lò ń gbá?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ọ̀gá."

"Lọ jókòó. Ijó lò ń jó."

Ó ní ká pe ẹnì kan wá. Ká fún un lójú, ká fún un lápá, ká jẹ́ kó le. Tí káta bá sì parí, ká pa ẹsẹ̀ pọ̀, ká tẹrí ba fún un, ká fà sẹ́yìn kó rí ọ̀nà kọjá. "Àlejò lo pè," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. "Ìwọ náà ni kó o sìn ín sọ́nà." Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi káta sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọkùnrin mẹkáníìkì kan fi ẹsẹ̀ rọ́ nígbà kan. Ọ̀gá fi apá gbá a mú lábẹ́ abíyá, ó ń bá a gbé ẹsẹ̀ náà títí ó fi parí, tó fi tẹrí ba. Omi ń dà lójú ọkùnrin náà. A ní Ọ̀gá ti le jù.

Ọjọ́ ìdánwò ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn oníkàráàtè rán olùdánwò kan wá, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń wo fèrèsé ní gbogbo ìgbà. Òjò ti ṣú. Kò fẹ́ kí òjò ká òun mọ́ ọ̀dọ̀ wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kàn, bẹ́líìtì dúdú ló ń wá. Ó bọ́ síwájú, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti wo káta yẹn láìmọye ìgbà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó yàtọ̀. Tó bá dí ẹ̀ṣẹ́, ẹ ó rí i pé nǹkan ló dí. Tó bá yẹ̀, mo máa ń wo ibi tó yẹ̀ kúrò. Ó dé ẹ̀bá fèrèsé. Pákó ké. Ó yí padà, ó gbé apá sókè.

Olùdánwò pàtẹ́wọ́. "Ó tó! Ó tó, mo ti rí i. Kí la tún ń wá? Ẹ fún un."

Tẹ́ẹ́rẹ́ sọ apá kalẹ̀. Ó fò sókè! Ó sáré wá dì mọ́ mi, àwọn tó kù sì gbé e sọ́rùn. Ọ̀gá nìkan ni kò kúrò lójú kan.

"Padà," ó ní. "Lọ parí ẹ."

"Ọ̀gá, wọ́n ti ní mo yege!"

"Mo ní kó o padà."

Olùdánwò ti ń kó ẹrù rẹ̀. "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ jàre. Inú rẹ̀ ń dùn."

Wọ́n ti gbé e dé àtẹ̀gùn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ọ̀gá tó ń wo ẹ̀bá fèrèsé. Ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí a ṣe ń yà fún ẹni tó fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ara Tẹ́ẹ́rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń wú. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, kò lè fi pa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù, ẹ̀jẹ̀ lápá. Ó ní ibi ìdánrawò ni. Mo ní ta ló ń bá dánra wò tó lù ú báyìí? Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ibi yòówù tó bá wọ̀, ara ògiri ló máa kọ́kọ́ wá, á gbé ẹ̀yìn tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń jẹun ní pálọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé oúnjẹ sẹ́nu. Orí rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pàù! Mo gbọ́ ọ. Màámi gbọ́ ọ. Ìró ọwọ́ lára ẹran ni. Ètè rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ kán sínú àwo.

Màámi dìde. "Kí nìyẹn?"

"Mo fi eyín gé ètè ni, Màámi."

"Eyín wo ló ń dún báyẹn?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wo iwájú rẹ̀, níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe àga òfìfo. Màámi ní òun kò fẹ́ gbọ́ kàráàtè mọ́ nínú ilé òun. Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo lòun bí, òun kò bí i fún ìlù.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sáàárín aṣọ tí mo ti lọ̀.

"Àǹtí, kò tíì lọ."

"Ta ni?"

"Ẹni tí mo pè wá jà. Ibi tí mo fi í sí náà ló ti ń gbá mi. Apá mi ti wà nísàlẹ̀, mi ò lè dí i."

Yéè! Ẹ̀rù bà mí, mo wá sọ ọ́ di ìbínú. Mo fi ẹnu jẹ ẹ́ níyà dáadáa, mo fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. A bá a níbi tó ti tú fíríìjì kan palẹ̀. Kò bá wa wí. Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ojú ta lo fún un?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ wolẹ̀.

"Mo ní ojú ta lo fún un?"

"Ojú mi."

Ọ̀gá wá ibì kan jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká pe ẹni tó le jù," Tẹ́ẹ́rẹ́ ní. "Kò sẹ́ni tó mọ ìjà mi bí èmi fúnra mi."

"O ní láti parí ẹ," Ọ̀gá ní. "O ní láti tẹrí ba fún un kí ó tó tẹrí ba fún ẹ."

Ó gbìyànjú. Ojoojúmọ́ ló ń gbìyànjú, tí èmi àti Ọ̀gá ń wò ó. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tó bá dé ẹ̀bá fèrèsé, pákó á ké, á yí, á gbé apá sókè, ó tán nìyẹn. Kò lè kọjá ibẹ̀. Ọjọ́ mìíràn á ṣubú. Ọjọ́ mìíràn á kàn dúró bẹ́ẹ̀, apá lókè, omijé lójú. Ó rù. Ẹni tó ti rí bí ìgbálẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló tún kù lára rẹ̀ tó máa rù?

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn, ó ní ká jáde, ká ti ilẹ̀kùn. Ó ní tí a bá ń wo òun, ẹni yẹn ló ń gba agbára. Ọ̀gá kò fẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ yí sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo bá a bẹ Ọ̀gá. A sọ̀ kalẹ̀, a dúró sínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Káfíńtà tan iná, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Lókè, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Káfíńtà gbójú sókè. "Àwọn mélòó lẹ fi síbẹ̀?"

"Ẹnì kan ni," mo ní.

"Ẹnì kan?"

Ó na ìka sí àjà. Eruku pákó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ó ń dà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ń dà láàárín ilé pẹ̀lú, lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ibi méjèèjì ń súnmọ́ ara wọn. Wọ́n jọ forí lé apá fèrèsé. Pákó ké.

Kò dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ń dún lọ. A gbọ́ ìró ara tó ń ba ara. A gbọ́ èémí. Igbe ìparí káta wá jáde, igbe kan ṣoṣo, ó mú kí ìṣó mì nínú agolo káfíńtà. Gbogbo ilé wá dákẹ́. Eruku kan ń rọra bọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ iná. Ọ̀gá di àtẹ̀gùn mú, kò gùn ún.

Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo rìn wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo ti parí ẹ," ó ní. "Mo tẹrí ba."

Mo bú sẹ́kún. Mo dì mọ́ ọn, mo ń dúpẹ́. Inú mi dùn débi pé n kò rí i pé Ọ̀gá kò fọwọ́ kàn án.

Màámi se oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó ń ṣàlejò. Ó na àwo sí Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á.

"Ọwọ́ wo lo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, Màámi." Ó pààrọ̀ ọwọ́.

Àmọ́ mo ti rí ọwọ́ òsì náà. Kòtò wà lára rẹ̀, ní oríkèé ìka àárín. Mo fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ra níbi ìmọ́lẹ̀. Gbogbo oríkèé pé, ó jọ̀lọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ó jẹ́ kí n wò ó tẹ́rùn. Kò bi mí léèrè ohun tí mò ń wá.

Mo bá Màámi nínú ilé ìdáná. "Màámi, ọwọ́ wo ni ilẹ̀kùn pa fún Tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Òsì."

"Ọ̀tún ni, Màámi."

"Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé n kò mọ ọmọ tí mo bí?" Ìkòkò ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. "Ara ọmọ mi ti yá. Ó ń jẹun. Jọ̀ọ́, má dá nǹkan kan sílẹ̀ fún mi."

Ọmọ dáadáa ni ẹni yẹn. N kò lè pè é ní Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni yẹn ni mò ń pè é nínú mi. Ó ń gbálẹ̀ kí a tó jí. Ó ń kí àgbà. Kì í ṣàwàdà, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí títí dòní. Gbogbo àdúgbò ní kàráàtè ti tún ayé rẹ̀ ṣe.

Káfíńtà ló wá ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti bínú.

"Àbúrò, sọ fún ẹni tó ń fò lórí mi lọ́sàn-án kó jẹ́ kí n gbádùn."

"Kì í sẹ́nì kankan níbẹ̀ lọ́sàn-án, bàbá. Títì ni."

"Ṣé etí mi ló di? Á rìn, á rìn, á dé ibi pákó yẹn, á dúró. Á tún bẹ̀rẹ̀."

Mo ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo sáré bá Ọ̀gá, ó ti ń retí mi.

"Ọ̀gá, ta ló jáde wá lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ tẹrí ba."

"Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀! Mo lè lọ parí ẹ fún un. Mo mọ káta náà."

"Tó o bá dúró ní iwájú rẹ̀, ìwọ lò ń bá a jà. Tó o bá tẹrí ba, o ti sìn ín sọ́nà nìyẹn."

"Ọ̀nà ibo?"

Ó mi orí. "N kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ rí."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gun òkè lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lójú fèrèsé. Mo dúró ní òdìkejì ibi tí a máa ń dúró sí. Mo fún un lójú. Ṣé ojú yẹn ni n kò wá mọ̀? Mo fún un ní apá tẹ́ẹ́rẹ́, mo fún un ní ẹ̀rín rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀bá fèrèsé, pákó ké kí ẹsẹ̀ mi tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ bà mí léjìká ọ̀tún.

Mo ṣubú lulẹ̀. Mo ṣí ẹ̀wù. Ojú oríkèé ti ń jáde lára mi, ó pọ́n, ó sì fi ààyè sílẹ̀ láàárín. Kòtò. Kòtò ẹ̀rín àbúrò mi. Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, n kò tẹrí ba. Mo fi káta náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo jáde.

Àbúrò mi ń tẹ̀ lé mi láti ìgbà náà. Mo lè máa lọṣọ, á gbá mi. Mo lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, á gbá mi, màá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń ní orí alágbàfọ̀ ti ń yí. Àmọ́ kì í pẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ náà tó máa fúyẹ́. Tó bá ti ń fúyẹ́, màá padà lọ sókè, màá tún un bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn yẹn nìkan ni mo ti ń rí i gbà padà.

Ọ̀gá ti fi kíkọ́ni sílẹ̀ báyìí. Ara rẹ̀ kò le mọ́, kò sì fẹ́ fojú kan ẹni yẹn. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ gbé gbọ̀ngàn fún ẹni yẹn, òun ló ni bẹ́líìtì dúdú. Ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó ní gbogbo àwa tí a wà ní bẹ́líìtì búráùn, èyí tó kángun sí dúdú, ni yóò ṣèdánwò lọ́la, ẹni tí kò bá ṣe é kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Káta yẹn náà ni wọ́n máa béèrè. Tí n kò bá parí ẹ, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́, ẹ̀ṣẹ́ náà á sì kú lára mi. Tí mo bá parí ẹ, mo gbọ́dọ̀ tẹrí ba.

Nírọ̀lẹ́ yìí, ẹni yẹn bá mi lọ aṣọ tí màá wọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi di áyọ́ọ̀nù mú. Ó gbé aṣọ náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ó fọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀.

"Káta yín dáa, Àǹtí. Ìparí rẹ̀ nìkan ló kù. Mi ò rí i kí ẹ tẹrí ba rí."

Mo fa ẹ̀wù bo èjìká mi.

"Lọ́la, ẹ tẹrí ba dáadáa. Gbogbo wa la máa wà níbẹ̀."

Màámi ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná. "Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn.

Ẹni yẹn jáde lọ sí pálọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé pa rọ́rọ́. Ẹ̀ṣẹ́ náà wá bà mí léjìká, lójú ibi kan náà. Kò dùn mí. Kò ní agbára kankan mọ́, ó dà bí ẹni tó ń rọra kan ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ bò ó, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́.

"Tẹ́ẹ́rẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ."

Láti pálọ̀, ó dáhùn, "Àǹtí, ẹ pè mí?"